Ohun Tí Kò Sí Nínú Ìṣirò Èkó Rẹ

Àgbo ilé wa, Ìtòkú,
Abẹ́òkúta.
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn ìrun Alásárì.

Rúkáyátù, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Asàlámù àlékún. Ara mi le, ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, ọjà náà sì ń lọ díẹ̀díẹ̀. Mo tètè sọ ọ́ kí àyà rẹ má baà já, nítorí mo mọ̀ pé ní ayé ìsinsìnyí, bí èèyàn bá rí lẹ́tà, ó máa rò pé wọ́n wá túfọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó kú. Jókòó dáadáa kí o kà á.

O máa béèrè pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pè ọ́ láti àárọ̀ òní, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni o ní, "Màámi, mo wà níbi iṣẹ́, màá pè yín padà." Mo rò ó pé kí n gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù kí n fi ránṣẹ́, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣe rẹ. Ṣe ni o máa mú kí ohùn náà máa sáré bíi ti ẹni tí oyin ń lé, kí ó lè tètè tán. Lẹ́tà kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí mo fi mú báírò.

Ìwé rẹ wà lọ́wọ́ mi, èyí tí o fi rúlà là sí méjì, Abẹ́òkúta lápá òsì, Èkó lápá ọ̀tún. Ìgbà tí o bínú jáde ní ṣọ́ọ̀bù lo gbàgbé rẹ̀ sórí àwọn àdìrẹ tí mo ká sílẹ̀. O ti kọ owó oṣù àtijọ́ àti tuntun, owó ilé, oúnjẹ, ọkọ̀, iná, dátà. Nísàlẹ̀ pátápátá o kọ "Ó PÉ MI", o sì fi báírò yí i po lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti kà á títí tí ìwé náà fi ń rọ̀ lọ́wọ́ mi. Bí oníbàárà kan bá lọ tí èkejì kò tíì dé, mo tún mú un. Lánàá, mo wọn yáàdì mẹ́rin fún ẹni tó san owó yáàdì márùn-ún, ó di pé mo ń sá tẹ̀ lé e dé títì. Àyà mi ń já, Àbẹ̀kẹ́. Mi ò ní fi bò fún ọ.

O ní ọjọ́ Jímọ̀ lo fẹ́ san owó yàrá tí o rí ní Ògbà, kí o lè kúrò lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ tó gbà ọ́ sílé nígbà tí o dé Èkó lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kí Jímọ̀ tó dé ni mo fẹ́ kí o ka èyí.

Mo mọ̀ pé a jà. Mo ní èmi náà ti gbé Èkó rí, o ní, "Màámi, Èkó ìgbà yẹn kọ́ nìyí. Ẹ kúkú sọ pé ẹ ò fẹ́ kí n lọ." Mo bi ọ́ pé ṣé èmi tí mo rán ọ lọ sílé ìwé ni mi ò ní fẹ́ kí o ṣiṣẹ́? Ó di ariwo. Obìnrin tó ń yẹ àdìrẹ wò rọra yọ́ lọ, bẹ́ẹ̀ ó ti mówó lọ́wọ́. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ tí o sọ yẹn kí n tó parí lẹ́tà yìí. Àmọ́ àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà ni mo fẹ́ tú sílẹ̀ fún ọ.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, níbi tí ìwọ kò dúró wò. Níwájú owó ilé, Abẹ́òkúta, o kọ òfo. Omi, òfo. Owó ọdẹ, òfo. Àwọn òfo yẹn ló ń dẹ́rù bà mí ju owó ilé Èkó lọ. Ọmọ mi, kò sí òfo níbẹ̀. Ilé tí bàbá bàbá rẹ kọ́ lò ń sùn sí, ẹlòmíràn ti san owó rẹ̀ kí a tó bí ọ. Kànga ẹ̀yìnkùlé, ẹbí ló dáwó jọ gbẹ́ ẹ. Láfún tí ò ń jẹ, àbúrò bàbá rẹ tó wà ní Pápálántò ló ń gbin ẹ̀gẹ́ rẹ̀, èmi ni mò ń kù ú. Nígbà tí ibà dá ọ dùbúlẹ̀ lọ́dún tó kọjá, Ìyá Kúdí tó múlé tì wá ló sùn tì ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta torí pé mo lọ kó ọjà. Wo ìwé rẹ dáadáa, níbo lo kọ Ìyá Kúdí sí? Gbogbo ohun tí o kọ òfo sí níbí ló ní iye tí wọ́n ń tà á ní Èkó. Èyí tí wọn kì í tà, bíi Ìyá Kúdí, òun ló wọ́n jù.

Nítorí náà, kó o tó fi ẹrù rẹ sínú yàrá kankan, wá ẹnì kan ní àdúgbò yẹn tí o máa máa kí láàárọ̀. Ì báà jẹ́ ẹni tó ń ta ọṣẹ. Má jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di "àńtí tó ń gbé òkè", tí kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀. Ojú ní ń rójú ṣàánú.

Ẹ̀kejì ni ti owó yàrá náà. Ti ọdún kan lo kọ. Ti àgéǹtì ńkọ́? Owó ìwé àdéhùn ńkọ́? Èyí tí wọ́n ní àwọn máa dá padà lọ́jọ́ tí o bá kó jáde, tí mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n dá a padà fún, òun náà ńkọ́? Bí o bá kó gbogbo wọn jọ, ọdún àkọ́kọ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọdún méjì. Tún padà lọ wo yàrá náà nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, kí o wo ibi tí omi dé lára ògiri. Má mú àgéǹtì lọ o! Bí o bá rí obìnrin tó ń fọṣọ, kúnlẹ̀ kí i dáadáa, kí o wá bi í bóyá omi ń yọ, bóyá iná ń dúró, bóyá onílé ń pariwo. Àgéǹtì á fi ilé hàn ọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọṣọ ló máa sọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú rẹ̀.

Ti ọkọ̀. Owó ọkọ̀ kan lo kọ, lílọ àti bíbọ̀. Láti Ògbà dé Ìsàlẹ̀ Èkó tí iṣẹ́ rẹ wà, ọkọ̀ kan? Èmi tí mo ti kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ mọ̀ pé ó kéré tán, o máa wọ méjì, o sì máa gun nǹkan mìíràn dé ẹnu ọ̀nà iṣẹ́. Bí òjò bá sì ṣú, wọn á fowó lé e kó tó rọ̀. Mo tiẹ̀ ti rò ó pé ṣé kí o kúkú máa gbé ilé kí o máa lọ kí o máa bọ̀, torí owó ilé. Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ ọ̀rẹ́ mi ní Ìbarà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àsùbáà ló ń jáde, lẹ́yìn Ìṣáì ló ń wọlé. Ọmọ rẹ̀ tó ti pé ọdún mẹ́ta, "bọ̀dá" ló ń pè é. Mi ò lè fi ìyẹn gbà ọ́ nímọ̀ràn, bó ti wù kí ẹ̀rù bà mí tó.

Oúnjẹ, mi ò ní sọ púpọ̀. O kọ iye tí ò ń ná níbí, o sì fi díẹ̀ lé e fún Èkó. Àmọ́ ta ló ń se ọbẹ̀ níbí? Bí o bá tibi iṣẹ́ dé tí ó ti rẹ̀ ọ́, o ò ní dáná, o máa ra oúnjẹ ojú ọ̀nà ni, oúnjẹ ojú ọ̀nà sì máa ń jẹ owó oṣù. Ọjọ́ Àìkú ni kí o se ọbẹ̀ tí o máa jẹ dé Ọjọ́rú. Bí àwọn ọ̀rẹ́ tí ẹ jọ wà níbi iṣẹ́ bá sì ní kí ẹ lọ jẹun ọ̀sán níbi tí wọ́n ti ń fi fọ́ọ̀kì jẹ ìrẹsì, rántí pé ọmọ Ẹ̀gbá ni ọ́. Ìlú wa ni wọ́n ti ń sọ pé ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Sàpọ́n. Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn gbé abọ́ wá láti ilé.

Mo lè máa kọ báyìí títí di ọ̀la, torí mo ti ṣe gbogbo àṣìṣe yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn yẹn ló mú mi mú báírò. Ohun tó mú mi mú un nìyí.

O mọ̀ pé màmá mi kú kí a tó bí ọ. O ò mọ bí ó ṣe rí, torí mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Bàbá rẹ, kí Ọlọ́run forí jìn ín, mọ̀ ọ́n, kò sì fi bú mi lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí a fẹ́ kó lọ sí Èkó, bàbá rẹ ti ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń hun aṣọ. Èmi náà ṣírò. Mi ò lo rúlà bíi tìrẹ, orí ìka ni mo ti kà á. Owó oṣù ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti ibí, owó yàrá kan ní Múṣín kò sì pọ̀ lójú mi. Mo ní ó pé mi. Nǹkan méjì péré ni mo kà, mo di ẹrù.

Kò tó oṣù mẹ́fà tí mo mọ̀ pé kò pé mi. Omi tí à ń pọn lọ́fẹ̀ẹ́ nílé, lọ́wọ́ ẹni tó ń fi ọmọlanke kiri la ti ń rà á. Àdìrẹ tí mo kó lọ, àwìn ni wọ́n ń bẹ̀ mí. Ìyẹn ò burú, kò sẹ́ni tí ìyà kì í jẹ níbẹ̀rẹ̀. Ohun tó bà mí jẹ́ ni Iléyá àkọ́kọ́.

O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ kì í fọwọ́ òfo wọ àgbo ilé. Mo kó owó tí a ń tọ́jú fún owó ilé, mo fi ra búrẹ́dì méjìlá, ọṣẹ, ṣúgà, àti léèsì fún màmá mi. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọdé ń sáré bọ̀: "Ará Èkó dé! Ará Èkó dé!" Ìyàwó bàbá mi, tí kì í fẹ́ dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀, dìde fún mi lórí àga. Inú mi dùn débi pé mo fún un ní búrẹ́dì méjì. Ọjọ́ yẹn ni mo fi okùn de ara mi, torí ẹni tó gbé búrẹ́dì méjìlá wọlé lọ́dún yìí, ojú á tì í láti gbé ẹyọ kan wọlé lọ́dún tó ń bọ̀.

Nígbà tí Iléyá kejì dé, kò sí owó. Mo ránṣẹ́ pé iṣẹ́ ọkọ mi kò jẹ́. Nígbà tí ẹ̀kẹta dé, mo ní ara mi ò yá. Èkó sí Abẹ́òkúta ni o, Àbẹ̀kẹ́! Ọ̀nà tí èèyàn lè lọ kó sì bọ̀ lóòjọ́. Ó lé lọ́dún méjì tí mi ò fojú kan màmá mi.

Òun kò dá ọwọ́ dúró. Oṣooṣù ló ń fi láfún rán dírẹ́bà kan tó ń ná ọ̀nà Èkó sí mi. Lọ́jọ́ kan mo tú àpò náà, mo rí àkísà àdìrẹ kékeré kan tí ó ta ní kókó sí ìsàlẹ̀ láfún. Owó wà nínú rẹ̀. Mo bi dírẹ́bà pé kí nìyí. Ó ní, "Màmá yín ní owó ọkọ̀ ni. Wọ́n ní kí ẹ má ra nǹkan kan, kí ẹ ṣáà máa bọ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní màmá yìí ò mọ ohun tó ń lọ, báwo ni mo ṣe fẹ́ fọwọ́ òfo wọlé níṣojú ìyàwó bàbá mi? Mo ta kókó náà padà, mo fi í sábẹ́ àpótí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, dírẹ́bà yẹn kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀. "Ara màmá ò yá. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ báyìí."

Owó ọkọ̀ wà lábẹ́ àpótí. Ọkọ̀ wà ní gáréèjì. Bí mo bá wọ̀ ọ́ láàárọ̀ yẹn, ilé ni mi ò bá ti kírun Àílà. Ṣùgbọ́n mo wo ọwọ́ mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo tú kókó yẹn, mo fi owó ọkọ̀ ra búrẹ́dì mẹ́rin. Ìgbà náà ni mo wá ń wá owó ọkọ̀ kiri Múṣín. Ó di Ọjọ́bọ̀ kí n tó rí i.

O mọ̀ pé a kì í fi òkú sùn láàárín wa. Ìyálẹ̀ta Ọjọ́rú ló kú, wọ́n ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Mo gbé búrẹ́dì mẹ́rin wọ àgbo ilé, kò sì sẹ́ni tó pariwo pé ará Èkó dé. Ìyàwó bàbá mi, obìnrin tí mò ń bẹ̀rù ojú rẹ̀ yẹn, òun ló gba ẹrù lórí mi, òun ló sì ń sunkún jù. Ó ní, "Ó ń bi wá ṣáá pé ṣé kò sọ́kọ̀ ni." Àwọn ọmọ kéwú tó wá ṣàdúà ni wọ́n pín búrẹ́dì náà fún. Láti ọjọ́ yẹn, mò ń ra búrẹ́dì sílé, ṣùgbọ́n o ò rí i kí n jẹ ẹ́ rí. O máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ikùn màámi ò gba búrẹ́dì. Ikùn mi gbà á, Àbẹ̀kẹ́.

Ìdí tí àyà mi fi ń já nìyẹn tí mo bá wo ìwé rẹ. Kì í ṣe pé o kò mọ ìṣirò. Ọmọ mi ni ọ́, mo mọ bí ojú ṣe máa ń tì ọ́. Nígbà tí o gba owó oṣù àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́ rẹ àtijọ́, o ra nǹkan fún gbogbo àgbo ilé, o wá fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. O rò pé mi ò mọ̀. Èkó lè má pé ọ lọ́dún àkọ́kọ́. Bí kò bá pé ọ, sọ ọ́. Má fi pamọ́ fún mi, má sì dúró dìgbà tó bá pé kí o tó wálé.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí o sọ ní ṣọ́ọ̀bù. O ní kí n kúkú sọ pé mi ò fẹ́ kí o lọ. Òótọ́ ni. Mi ò fẹ́ kí o lọ. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, ìwọ lò ń bá mi ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi nìkan ni mò ń tì í, kọ́kọ́rọ́ òkè ò sì gbọ́ tèmi. Owó ilé àti owó ọkọ̀ ni mo fi ń bo ẹ̀rù mi mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn dára, o sì jìyà kí o tó rí i. Màmá mi ò dè mí mọ́lẹ̀, èmi náà ò ní dè ọ́. Lọ. Bí ògiri yàrá náà bá gbẹ, san owó rẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀.

Mo dá ìwé ìṣirò rẹ padà. Mi ò pa "Ó PÉ MI" rẹ́, àmì ìbéèrè ni mo fi sí i nídìí. Mo sì kọ ìlà kan kún un lápá Èkó, lókè owó ilé: owó ọkọ̀ wálé, oṣooṣù. Má fọwọ́ kàn án fún ohunkóhun. Bí ti ilé bá wọ́n, wá yàrá tó kéré. Bí ti oúnjẹ bá wọ́n, màá máa fi láfún ránṣẹ́.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Àbọ̀ yẹn ni kí o ṣe "àmín" rẹ̀ kó le.

Èmi ni ìyá rẹ, tí búrẹ́dì mú kí ó pẹ́ délé,
Sífáwù.

Mo ti fẹ́ di àpò láfún tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ pẹ̀lú lẹ́tà yìí kí n tó rántí. Kókó àdìrẹ kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, má dà á nù mọ́ ìyàngbò. Má sì rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rẹ́rìn-ín. Owó ọkọ̀ ni. Má fi ra búrẹ́dì.